Imú-Wúrà àti Oògùn Ọmọ Rẹ̀

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa tọ́ ọtí wò nílé iṣẹ́ tó ń pọn jíìnì. Imú-Wúrà ni wọ́n ń pè é, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Yóò gbé ife sí imú, yóò tọ́ ọ wò, yóò wá yínmú.

"Èèpo ọsàn ló ṣáájú, ata ilẹ̀ tẹ̀ lé e, kànáfùrù wá ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ bí àlejò tí a kò pè. Ẹni tó po eléyìí, omi ìfọṣọ ló yẹ kó máa pò."

Òfin iṣẹ́ náà ni pé kéèyàn tọ́ ọ wò, kó tu ú dànù. Nígbà tó yá, itọ́ lásán ló ń tu. Ọ̀mùtí ni, ó kàn so táì mọ́rùn ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ sọ fún un pé, "Jésù lè gbà ọ́ lọ́wọ́ nǹkan yìí."

"Ṣé o bá mi nínú gọ́tà ni? Lọ wàásù fún táyà ọkọ̀ rẹ tó pá."

Lọ́jọ́ kan, ibà mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyàwó rẹ̀, arẹwà tó kọ olówó sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ń fọ aṣọ ọmọ lẹ́yìnkùlé.

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ ní oògùn rẹ̀."

Oògùn náà ń ta sánsán bí ọsàn. Ìgò jíìnì kékeré tí ọkọ gbé wálé láti tọ́ wò wà lórí tábìlì kan náà, òun náà ń ta sánsán bí ọsàn. Imú-Wúrà ti mu yó láti àárọ̀. Ó ṣí ìgò kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí bí ọ̀gá, ó sì rọ ọ́ sẹ́nu ọmọ, ṣíbí lé ṣíbí.

Ara ọmọ rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Ìyá sáré wọlé, ó gbé ìgò náà sí imú.

"Jíìnì rèé." Ojú tó máa ń yọ́ bí àbẹ́là fún ọkọ rẹ̀ wá tutù bí irin. "Bí ọmọ mi bá kú, ẹ má pè mí ní ìyàwó yín mọ́."

Ọ̀rẹ́ Imú-Wúrà tó ń wa ọkọ̀ ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé ọmọ wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Imú-Wúrà kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ṣé Jésù rẹ yìí lè gbọ́ ti irú mi?"

"Irú ẹ gan-an ló tìtorí ẹ̀ wá."

Ó kúnlẹ̀ lórí simẹ́ńtì lójú gbogbo èèyàn. "Olúwa, ọ̀mùtí agbéraga ni mí. Bí ọmọ mi yè, bí kò yè, tìrẹ ni mí láti òní lọ."

Ọmọ náà lajú kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá rẹ̀ kò padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò tètè rẹ́rìn-ín, nítorí ìfẹ́ tí ọtí bà jẹ́ kì í jiná lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, lójú ọ̀nà ilé ìjọsìn, ó rọra fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta lò ń fi rẹ́rìn-ín? O ní ìwọ kì í mutí. Àgbèrè tí o bò mọ́lẹ̀ ńkọ́? O ní o mọ ibi tí wàá dé dúró. Irọ́ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ló gùn ọ́ bí ẹṣin, ìwọ sì rò pé ìwọ lo mú ìjánu. Ta ni nínú àwọn tó fẹ́ràn rẹ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣubú kí o tó ronú pìwà dà? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Jésù ò kọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣèlérí ọ̀la fún ọ.