Ìràwọ̀ Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Gende tó ń bu epo sí ọkọ̀ kò rí kọ́kọ́rọ́ ilé epo. Ó ti tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún fẹ́ tú u lẹ́ẹ̀kẹrin.

"Àbúrò, ní sùúrù, kò lè jìnnà," ó wí.

Sùúrù kẹ̀? Mo dúró ti hẹlikọ́pítà mi, mò ń wo oòrùn tó ń wọ̀ lọ lẹ́yìn adágún. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú tó wà ní òdìkejì omi yẹn ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní kí èmi nìkan fò wá, kí n bu epo, kí n sì padà. Ìdánwò àṣekágbá wa máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ọ̀gá wa kì í fi ṣeré: ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú bá akẹ́kọ̀ọ́, kó sùn síbẹ̀, kó sì pe ọ̀gá lórí fóònù.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ fi máa jáde lábẹ́ àga, tí epo sì fi máa kún, ilẹ̀ ti ń ṣú. Fóònù mi dún. Ọmọ kíláàsì mi kan tí a ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi ni.

"Níbo lo wà? Àbí o fẹ́ sùn síbẹ̀ bí adìyẹ tí ilẹ̀ ṣú bá?" Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn yòókù lẹ́yìn rẹ̀. "Ogún ìṣẹ́jú péré mà ni!"

"Ẹ bu oúnjẹ tèmi sílẹ̀," mo dá a lóhùn. "Mò ń bọ̀."

Gende elépo wo ojú ọ̀run. "Àbúrò, kò sí òṣùpá, ìkùukùu sì ti bo gbogbo òkè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o. Ṣé o ti pe ọ̀gá yín?"

"Mo ti pè wọ́n," ni mo wí. Irọ́ gbuu ni.

Kò sí wàhálà níbẹ̀rẹ̀, torí mo ṣì ń rí iná àwọn ilé tó wà létí omi. Nígbà tí iná wọ̀nyẹn tán lẹ́yìn mi, òkùnkùn gbé mi mì. Mi ò rí omi, mi ò rí ọ̀run, mi ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, mo kàn máa ń wo ìlà ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé ni, mo sì máa mọ̀ bóyá ọkọ̀ mi dúró déédéé. Lálẹ́ yìí, ìlà náà kò sí.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìràwọ̀ mélòó kan lápá ọ̀tún. Inú mi dùn. Àmọ́, ìràwọ̀ wo? Ṣé ìkùukùu kọ́ ló bo òkè ni? Mo wo aago tó ń fi hàn bí ọkọ̀ bá tẹ̀. Aago ní ọkọ̀ mi ti tẹ̀ gan-an sí ọ̀tún, ó sì ń lọ sílẹ̀. Ara mi ní irọ́ ni, pé mo jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wà lórí àga nílé ìyá rẹ̀.

Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo fi ìka kan aago náà kókó, bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Kò yí padà. Mo darí ọkọ̀ sósì díẹ̀, gbogbo ara mi sì kígbe pé mo ti ń ṣubú sósì. Mo yára dá a padà. Orí mi dàrú pátápátá. Ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ náà wá ń tóbi sí i, ó ń tóbi sí i, títí mo fi rí apẹja kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Fìtílà inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ń pè ní ìràwọ̀!

"Yéè, ìyá mi o!" Mo yí ọkọ̀ kúrò lórí apẹja náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sílẹ̀.

Rédíò dún. Ohùn ọ̀gá wa ni. Gende elépo ti pè wọ́n, ìgbà náà ni àwọn méjèèjì mọ̀ pé mo parọ́.

"Má wo ìta mọ́," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Aago nìkan ni kó o máa wò. Ohun tó bá sọ ni kó o ṣe, kódà bí ara rẹ bá ń sunkún."

Ara mi sunkún lóòótọ́. Mo ṣe ohun tí aago wí pẹ̀lú ìdánilójú pé mo ń pa ara mi, ọkọ̀ náà sì gòkè. Ìṣẹ́jú méjìlá gbáko ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó rí iná pápá wa.

Nígbà tí mo balẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹnu-Ò-Sinmi sáré wá dì mọ́ mi. Ọ̀gá wa kò pariwo.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni wọ́n wí. "Bí ojú ò bá wá ríran ńkọ́? Nínú òkùnkùn, ara èèyàn máa ń purọ́ fún un, kò sì sí ọlọgbọ́n tí kò lè tàn jẹ. Ìdí tí a fi ṣe òfin nìyẹn. O ò ní bá wọn ṣe ìdánwò lọ́la. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Mo bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Torí kí ìdánwò náà má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo ṣe fò."

Ọ̀gá wa mi orí. "Ọmọ mi, ká ní o pè mí ni, ǹ bá sún tìrẹ sí ọ̀sán. Mo jókòó ti fóònù láti ìrọ̀lẹ́, mò ń dúró dè ọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn mi, bí ilẹ̀ bá ṣú bá yín nínú ohunkóhun, ẹ má tìtorí ẹ̀rín ẹgbẹ́ kó wọnú ohun tí ojú yín ò tó. Ẹ sọ òtítọ́ fún àgbà tó mọ̀nà. Ọdún kan gbáko ni mo fi san owó ìpè kan tí mi ò pè.