Fóònù Kò Mọ̀ Pé Ẹ̀jẹ̀ Màmá Ń Ru

Orí tábìlì tí aránṣọ kan ti ń gé aṣọ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀. Eruku ti bo páálí náà. Ìyá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, fóònù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò lo oògùn yìí mọ́ ni?"

"Mo ti pa á tì. Omi ewé ni mò ń mu. Fóònù ló fi hàn mí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀. Ṣé gbogbo wọn ló máa parọ́ ni?"

"Ta ni wọ́n?"

"Dókítà kẹ̀! Ọ̀kan tiẹ̀ wọ aṣọ funfun."

"Ha, ẹ̀yin aránṣọ! Ẹ lè rán irú aṣọ yẹn kí n tó jẹun tán."

Ìyá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Orí ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá ọmọ náà.

Iṣẹ́ ọmọ yìí ni kíkọ́ ẹ̀rọ bó ṣe máa yan fídíò fún èèyàn. Ó fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ọ̀nà méjì la sábà ń gbà kọ́ ọ. Ọ̀kan ń wo fídíò tẹ́ ẹ ti wò, á wá èyí tó jọ ọ́. Ìkejì, èèyàn ló ń wò: àwọn tó wo ohun tẹ́ ẹ wò, kí ni wọ́n tún wò? Òun ló máa gbé wá. Àwọn mìíràn máa ń pa méjèèjì pọ̀."

"Èwo ló dára jù?"

"Tẹ́ ẹ bá ń wá àwòrán ọrùn aṣọ, ti àkọ́kọ́ dára. Ní ti orin, ìkejì lè mú èyí tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí wá. Ṣùgbọ́n ní ti oògùn, kò sí èyí tó ń béèrè pé, 'Ṣé òótọ́ ni?'"

"Èmi ò sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni, ọwọ́ mi wà lára aṣọ."

"Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ò pa á, fídíò ń parí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni."

Ìyá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Aránṣọ kan wo aṣọ tí oníbàárà wọ̀ lánàá, ìkejì wo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, wọ́n ti gbé sísọ́ọ̀sì."

"Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an lẹ sọ yẹn."

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sì lọ pe dókítà.

"Màmá, ó ga gan-an," ni dókítà wí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá." Ó dá a padà sórí oògùn.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí ohun tí fóònù gbé wá. Bí ogún èèyàn bá ń sọ ohun kan náà níbẹ̀, ẹ̀rọ ló kó wọn jọ síwájú yín. Ìyẹn ò sọ wọ́n di ẹlẹ́rìí. Èyí tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí fóònù pé ẹ ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́. Ẹ bi dókítà tàbí apòògùn léèrè kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó pààyàn. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ara ṣì le.