Ohun Tí Bàbá Àkànó Dáhùn

"Bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí," ni ọ̀gá òyìnbó wí fún Edith ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Edith yíjú sí Ògúnwùmí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Àkànó. Bàbá náà fìdí lé etí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n fi àkísà wé síwájú.

"Bàbá, ọ̀gá ní ṣé ara yín le?"

"Ara le o, a dúpẹ́. Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Kò sí ọmọ Igbó-Ọrà tí yóò dáhùn lọ́nà mìíràn. Bí ibà tilẹ̀ dá èèyàn dùbúlẹ̀, ara le ni yóò kọ́kọ́ wí. Ìgbà tí ìkíni bá parí ni yóò tó ní ibà ń ṣe òun. Ìkíni ni Bàbá Àkànó ṣì ń ṣe, kò tíì dé orí ẹsẹ̀ tó gbé e wá.

Ọdún 1974 ni, ní ilé-iṣẹ́ tábà kan lẹ́bàá ọ̀nà Èrúwà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ náà ṣàdéhùn pé ẹni tí àìsàn bá dá dúró yóò sinmi nílé, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dín. Ọ̀gá fọwọ́ sí i, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn. Lójú tirẹ̀, ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ ìsinmi. Àkísà tó sì ti rí lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn lásìkò sòbìà, aràn gígùn tó máa ń yọ lẹ́sẹ̀, pọ̀ débi pé kò kà á sí nǹkan kan mọ́.

Edith, ọmọ tíṣà, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, òun sì ni ògbufọ̀ ọ̀gá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ọ̀gá ṣèlérí pé òun yóò mú un lọ sí ọ́fíìsì Ìbàdàn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti máa fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìbàdàn ti wọ Edith lójú. Ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú bàtà gogoro ní Dùgbẹ̀.

"Ó ní ara òun le," ni ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

"Ó dára. Kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la."

Nígbà tí Edith túmọ̀ èyí, Bàbá Àkànó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọ̀gá, ó wá wo ọmọbìnrin náà. "Ọmọ mi, ṣé o sọ fún un pé sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ mi? Orí àkàsọ̀ ni iṣẹ́ mi wà."

Edith ṣì lè sọ ọ́ nígbà náà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ohun tí wọ́n wí nìyẹn, Bàbá," ni ó fèsì, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó di ọjọ́ kejì, Bàbá Àkànó gun àkàsọ̀ nínú abà tí wọ́n ti ń fi iná mú ewé tábà gbẹ. Àkísà ẹsẹ̀ rẹ̀ há mọ́ ìṣó. Sòbìà tí wọ́n ti ń fi sùúrù wé mọ́ igi díẹ̀díẹ̀ já, èyí tó kù sì sá padà sínú ẹran. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún. Wọ́n gbà á là nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n iṣan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti súnkì. Kò ní gun àkàsọ̀ mọ́ láyé. Ilé-iṣẹ́ sì gé owó ọjọ́ tí kò fi wá síbi iṣẹ́ kúrò lára owó oṣù rẹ̀.

Adérógbà, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó àwọn èèyàn rẹ̀ dúró síwájú ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ewé lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá jáde sí wọn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun le, ẹlẹ́rìí òun sì nìyí. Ó nawọ́ sí Edith.

"Ìwọ ọmọ tíṣà," ni Adérógbà wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn tó rọrùn, òótọ́ sì ni. Ẹ̀rù ba Edith, ojú sì tì í gidigidi.

"Wọ́n wí bẹ́ẹ̀," ni ó dáhùn, "ṣùgbọ́n ìkíni ni wọ́n ń dáhùn, mo sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ̀rọ̀ sòbìà, mi ò túmọ̀ rẹ̀." Ó yíjú sí ọ̀gá, ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n san owó tí wọ́n gé lára owó oṣù Bàbá Àkànó padà, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ ìjókòó, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ewé. Wọ́n kọ sòbìà mọ́ àwọn àìsàn inú àdéhùn, wọ́n sì ní nọ́ọ̀sì ni yóò máa yẹ ara aláìsàn wò, kì í ṣe ọ̀gá. Edith ní tirẹ̀ kò dé Ìbàdàn. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí òṣìṣẹ́ kan tó bá a kẹ́dùn.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àkànó.

"Dìde," ni bàbá náà wí. "O sọ ọ́ nígbẹ̀yìn, mo dúpẹ́. Ẹsẹ̀ mi ni ò lè dúró de ìgbẹ̀yìn."

Ẹ̀kọ́ tí Edith kọ́ nìyí: ẹni tó bá ń bá ẹlòmíràn jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí onítọ̀hún ní lọ́kàn, kí ó sì sọ ọ́ lásìkò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ òótọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ àkọ́kọ́ ló sọ Bàbá Àkànó di atiro.