Àlejò Inú Pósí Amọ̀

Iyọ̀ ló kọ́kọ́ sọnù. Ọmọ́jọlá bu mọ́ínmọ́ín sẹ́nu lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní College Park lókè òkun, iyọ̀ kò hàn lẹ́nu rẹ̀, ata kò ta á. Ó bu òmíràn, bákan náà ni. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi iyọ̀ sí i, Ọlájídé ọkọ rẹ̀ sì ti jẹ nínú mọ́ínmọ́ín kan náà láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó ń lá ìka. Ọmọ́jọlá gbà pé oyún ni. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ta ni kò sì mọ ohun tí oyún ń fi ojú aboyún rí?

Lẹ́yìn iyọ̀, yíyó náà lọ. Á jẹ ìrẹsì tó lè yó alágbàṣe, á dìde, ebi á ṣì máa pa á bí ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan. Michelle, ọ̀gá rẹ̀, ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n ra oko fún un. Òun náà ń bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀sán kan, ó fi ṣíbí lélẹ̀ láti gbé fóònù, nígbà tó máa fi yíjú padà sí abọ́ rẹ̀, ojú ibì kan ti jìn nínú ìrẹsì náà, ní apá ọ̀hún tí ṣíbí rẹ̀ kò dé. Ó rí bí ibi tí ẹnìkan fi ìka bù. Ó sì ń gbọ́ ìró jíjẹ, jẹ́jẹ́, láìkánjú, bí ẹni tó ń jẹun nílé onílé tó ń ṣọ́ra kí wọ́n má gbọ́ òun. Orí rẹ̀ wú. Ó da oúnjẹ náà nù, ó sì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí ẹ mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun àtijọ́ tó ti fọ́ ni wọ́n ń kó wá fún Ọmọ́jọlá, òun ló ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà ni pósí kan tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tó wá láti ilẹ̀ Ìráàkì. Àwọn ará Partia ló ni ín, àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n bá ìjọba Róòmù fà á ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ìdílé aláwọ̀ funfun kan ló bá a nínú ilé ọkọ̀ bàbá wọn àgbà tó kú, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n dá a padà sílé.

Pósí náà rí bíi sálúbàtà ńlá. Níbi orí rẹ̀, ihò gbọọrọ kan wà tí wọ́n ń ti òkú gbà wọlé. Ara rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù, wọ́n sì tẹ àwòrán ọmọ ogun kéékèèké sí i káàkiri, tí gbogbo wọn fọwọ́ síbàdí. Àpótí eegun kan bá a wá, pẹ̀lú abọ́ amọ̀ kékeré tí oúnjẹ ti gbẹ mọ́ nísàlẹ̀. Ọmọ́jọlá ló ha oúnjẹ gbígbẹ náà kúrò kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fọ abọ́ náà mọ́ tónítóní. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ tó lẹ orí pósí náà tán, kí iyọ̀ tó sọnù lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ebi sì ń pa á. Wọn kì í jẹun nítòsí ohun àtijọ́, nítorí náà ó wọ yàrá kékeré tí wọ́n ti ń jẹun, tó jẹ́ ògiri gíláàsì nìkan ló pààlà rẹ̀ sí ibi iṣẹ́. Ó ṣí oúnjẹ rẹ̀. Ihò pósí náà dojú kọ ọ́ gbọọrọ. Ọmọ́jọlá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wá jẹun o."

Ẹ má bá a wí. Ta ni nínú wa tó lè máa jẹun níwájú ẹni kó má pe onítọ̀hún? A ń pe ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì. A ń pe ẹni tí a mọ̀ pé oúnjẹ náà kò lè kárí. Ẹni tí a pè náà mọ èsì tó yẹ: á ní, "Á gba ibi ire o," á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ará Partia ní èsì yẹn? Wọ́n ní kó wá jẹun, ó wá jẹun.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí Ọmọ́jọlá lọ rí dókítà, dókítà náà gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó wò ó títí. Ó ní ọmọ náà kò dàgbà tó bó ṣe yẹ. Ó bi í bóyá ó ń jẹun. Ẹni tó jẹ odidi ìkòkò ẹ̀wà tán lánàá ló ń bi bẹ́ẹ̀ o. Ó ní bí ọmọ náà kò bá tóbi sí i kó tó padà wá, àfi kí wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, ó sì lè di pé kí wọ́n gbé ọmọ jáde láìtọ́jọ́.

Ọlájídé ló wa ọkọ̀ padà sí Fairwood. Ìṣòro nọ́ọ̀sì ni pé ó mọ ohun tí dókítà kò sọ. Oyún kan ti bà jẹ́ lára ìyàwó rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó mọ bí ilé wọn ṣe dákẹ́ tó lẹ́yìn ìyẹn. 

Ìyá Ọmọ́jọlá ti dé láti Ìbàdàn nígbà náà láti wá dúró de ìkúnlẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyá ìjọ ni pẹ̀lú nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè tí gbogbo ọmọ kíláàsì sì máa ń dákẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n jókòó ti ẹ̀wà àti dòdò. Màmá ṣàdédé fi ṣíbí tirẹ̀ sílẹ̀. Abọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Àjíkẹ́," ó fi oríkì pè é, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ló ń bá ọ jẹun?"

Ẹ̀wà apá ọ̀hún ń jìn díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ṣíbí níbẹ̀. Ọlájídé náà rí i. Ó dìde, àga rẹ̀ ṣubú.

Ọmọ́jọlá bú sẹ́kún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. "Mo kàn fi ṣeré ni, Mà. Ẹnu mi ló sọ ọ́."

"Ará ibo ni ẹni náà?"

"Ará Partia."

"Àwọn tí wọ́n máa ń ka orúkọ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì?"

"Àwọn náà ni, Mà."

Màmá mi orí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ara tù ú díẹ̀ pé ẹni mímọ̀ ni. Ọlájídé ti fa fóònù yọ, ó fẹ́ pe pásítọ̀ kó wá lé ohunkóhun tó bá wà nínú ilé náà jáde.

"Dúró ná, ọkọ mi," ni Màmá wí, nítorí bó ṣe ń pe ọkọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn tó bá ń bẹ̀ ẹ́. "A ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ẹnu ara wa pè jẹun, a kì í tún lé e jáde bí ẹran. Wọ́n á ní a kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ebi ló sì ń pa onítọ̀hún. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí pé Àjíkẹ́ kò bu tirẹ̀ fún un ló ṣe ń jẹ nínú abọ́ Àjíkẹ́."

Nítorí àwọn ọmọ ogun tó wà lára pósí náà, wọ́n gbà pé jagunjagun ni àlejò yìí. Màmá gún iyán, ó kó ẹran ńláńlá lé ọbẹ̀, ó gbé e sí orí tábìlì níwájú àga tó ṣófo, ó sì kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Oúnjẹ yín rèé."

Wọ́n dúró. Ọbẹ̀ tutù, ọ̀rá rẹ̀ dì. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ṣe, Màmá ní kí Ọmọ́jọlá gbìyànjú kó jẹun, ó bu iyán tirẹ̀, iyán náà kò ní adùn kankan. Bó ṣe gbójú sókè, ojú ibì kan ti jìn ní apá ọ̀hún abọ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn wà, tó kéré gan-an, tí kò lè ju ibi tí ọwọ́ ọmọ ìkókó lè bù.

Màmá wò ó pẹ́. "Méjì ni wọ́n," ó wí. "Bó bá di ọ̀la, lọ bi ẹni tó ń wo eegun."

Humaira ló ń wo eegun níbi iṣẹ́ wọn. Nígbà tí Ọmọ́jọlá bi í, obìnrin náà kọ́kọ́ wo ikùn rẹ̀, ó wá lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àánú ni kò jẹ́ kí òun sọ.

"Obìnrin ni," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. "Ọmọdébìnrin ni, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tó kú." Ó ṣí òwú, ó fi eegun kan hàn án tí kò tó ìṣáná. "Ọmọ náà kéré ju oṣù rẹ̀ lọ. Ó dà bíi pé ìyàn mú nílùú wọn. Eegun ìyá yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tó ti rí oúnjẹ jẹ yó."

Ọmọ́jọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń ro abọ́ amọ̀ yẹn. Àwọn èèyàn obìnrin náà kò rí nǹkan fún un nígbà ayé rẹ̀, wọ́n wá wá díẹ̀ fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí nígbà tó kú, èyí tóun fi ọ̀bẹ ha kúrò nìyẹn. Ojú tì í, àánú sì ṣe é gidigidi. Ẹ̀rù tó ń bà á láti ọjọ́ yìí wá kò rí àyè mọ́.

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ ọ́ fún un.

"Aboyún la pè ní Bàbá," Màmá wí. "A tún wá bu abọ́ kan ṣoṣo fún ẹni méjì."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Ọlájídé wa Màmá wá sí College Park pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Michelle rò pé ìyá wá bá ọmọ rẹ̀ jẹun ni, irọ́ kọ́ sì ni. Nínú yàrá kékeré náà, Màmá bu ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa sínú abọ́ ńlá, ó bu ògì sínú abọ́ kékeré, ó sì bu ti Ọmọ́jọlá sọ́tọ̀. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, níwájú ọmọdébìnrin tó fi ẹgbẹ̀rún ọdún méjì jù ú lọ.

"Ìyá ọmọ, ẹ foríjì wá. A kò mọ̀ yín ni. Tiyín rèé, ti ọmọ yín rèé. Àlejò ilé wa lẹ jẹ́, ẹ kò ní jẹ àjẹkù lọ́dọ̀ wa mọ́. Ṣùgbọ́n ti ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tirẹ̀."

Yàrá náà tutù. Òórùn amọ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn gba ibẹ̀ kan. Wọ́n wá ń gbọ́ ìró kékeré kan, ó yára, bí ìgbà tí ọmọ bá ń mumi. Màmá rọra tọ́ Ọmọ́jọlá lápá. "Ìwọ náà jẹun."

Ó bu ẹ̀wà sẹ́nu. Iyọ̀ ni. Ata tẹ̀lé e, epo pupa tẹ̀lé ata. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ikùn rẹ̀ fi kún, tó fi ṣíbí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ sì ta á nípàá. Kò ta á lágbára bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo yó, Mà."

Màmá, tí ẹnikẹ́ni kò rí kó sunkún rí, jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ọlájídé ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, kò mọ èyí tó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n máa kó abọ́, wọ́n rí i pé abọ́ kékeré ti mọ́ féfé. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan abọ́ ńlá.

Láti ọjọ́ náà, bí Ọmọ́jọlá bá ti ń bu oúnjẹ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ń bu méjì mìíràn tì í. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní ọmọ ti ń bá oṣù rẹ̀ dọ́gba, kó má ṣe yí ohunkóhun tó ń jẹ padà. Ọlájídé bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ìgbà gbogbo ni abọ́ kékeré ń ṣófo. Ìgbà gbogbo ni abọ́ ńlá ń wà bó ṣe wà.

"Ìyá ni," Màmá wí, nígbà tó gbọ́. "Èyí tó ń bù tẹ́lẹ̀, ọmọ ló ń bù ú fún. Kò tíì dá a lójú pé ọmọ ti yó."

Ìlànà tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé pósí nìkan ni yóò padà sí Ìráàkì, kí eegun dúró fún ìwádìí. Humaira ta kò ó, Ọmọ́jọlá ta kò ó, wọ́n tẹ̀ lé Michelle lẹ́yìn káàkiri títí ó fi gbà pé ìyá, ọmọ àti abọ́ yóò jọ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dì wọ́n sínú àpótí pákó, Ọmọ́jọlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Dókítà ti sọ fún un lánàá pé ọmọ ti tó, ó ti sanra, ìgbàkígbà tó bá wù ú ló lè dé. Àwọn tó fẹ́ gbé pósí ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Abọ́ kékeré ti ṣófo. Ó di tábìlì mú, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá rẹ̀, ó sì rọra ti abọ́ ńlá síwájú.

"Ẹ jẹ tiyín báyìí, ìyá mi," ó wí. "Àwọn ọmọ ti yó."

Ó dúró tì í, kò sì dìde títí abọ́ náà fi ṣófo.