Ohun Tá A Kọ Sábẹ́ Ìjókòó

“Rọra ká a,” bàbá mi wí. “Má fà á. Tapólì tó ti wà lórí nǹkan fún ogún ọdún, ó ti di awọ ara rẹ̀ nìyẹn.”

Mo rọra ká a. Eruku bò mí lójú, aláǹgbá méjì sá jáde, ìyá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná sì bú sẹ́rìn-ín. “Ìyáálé mi ti jí,” ni wọ́n wí.

Orúkọ tí ìyá mi ń pe ọkọ̀ náà nìyẹn. Ó ti wà nínú gáréèjì kí àwọn tó wọlé bàbá mi, wọ́n ní àwọn ò lè bá a du ipò. Ọkọ̀ eré sísá ayé àtijọ́ ni: ìjókòó méjì péré, imú gígùn, òrùlé aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn. Bàbá mi rà á ní òkú, wọ́n ní àwọn máa jí i dìde tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Ọwọ́ ò dilẹ̀. Aago ni wọ́n ń tún ṣe, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì fi tẹjú mọ́ àwọn irin tó kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ.

Ojú yẹn gan-an ló wá ń lọ. Ó ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Dókítà sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́, bóyá ni ojú náà máa bá wa parí ọdún. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n kó irinṣẹ́ wálé, wọ́n sì pè mí.

“Ìyá Sípánà,” ni wọ́n wí. Wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti tú rédíò ìyá mi palẹ̀ tí mi ò mọ bí mo ṣe máa tò ó padà. “Mo fẹ́ rí ọkọ̀ yìí lójú títì lẹ́ẹ̀kan, nínú oòrùn, kí ilẹ̀ tó ṣú mi. Àwọ̀ pupa ẹyin ni mo fẹ́. Ọwọ́ rẹ ni màá lò.”

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Mi ò tún ọkọ̀ ṣe rí, bàbá mi náà ò sì tún un ṣe rí. Ọ̀gbẹ̀rì ló ń kọ́ ọ̀gbẹ̀rì.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo tú ilẹ̀kùn méjèèjì, mo sì da gbogbo nọ́ọ̀tì wọn sínú abọ́ kan ṣoṣo. Inú mi ń dùn bí ẹni tó kórè. Bàbá mi ki ọwọ́ bọ abọ́ náà, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Èwo ni tòkè níbẹ̀, èwo ni tìsàlẹ̀?”

“Ẹ jẹ́ ká máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá mi.”

“Ó dáa. Máa dán wọn wò.”

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi dán wọn wò. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mo gbà kí wọ́n kọ́ mi bí àwọn ṣe ń tú aago. A tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, a ń to ohun gbogbo bó ṣe ń jáde, nọ́ọ̀tì ibì kọ̀ọ̀kan sì ní agolo tirẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà nínú iṣẹ́ aago tí mi ò gbọ́ rí. Bàbá mi ṣí ẹ̀yìn aago ọwọ́ wọn fún mi. Nínú ìdérí rẹ̀, níbi tí ẹni tó ni aago kì í wò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha àwọn lẹ́tà wínníwínní síbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe, ohun tí wọ́n pààrọ̀, ohun tí wọn ò fọwọ́ kàn. Tiwọn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ti ṣí i ṣáájú wọn náà ha tiwọn sí i.

“Kò sẹ́ni tó máa yìn ọ́ fún un,” bàbá mi wí. “Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ ni ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn rẹ máa fi ṣiṣẹ́. Tó o bá parọ́ síbẹ̀, aago ò ní tú àṣírí rẹ. Ẹni tó gbà ọ́ gbọ́ ló máa jìyà ẹ̀.”

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé tiwa nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á sọ ohun tá a ṣe, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì kà á fún wọn, nítorí wọn ò lè kàwé mọ́. Wọ́n ní tá a bá parí, a máa ha gbogbo rẹ̀ sára irin abẹ́ ìjókòó.

Oṣù mẹ́ta kọjá lórí iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ fún ọjọ́ méjì kó tó jí, ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n ní, “Ẹ fún ìyáálé mi lómi mu.” Ohun gbogbo ń lọ déédéé títí mo fi dé abẹ́ ilẹ̀kùn òsì. Irin gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó gbé ọkọ̀ ró. Abẹ́ irin yẹn la máa ń ki jáàkì sí tá a bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè. Mo fi sùkúdíráfà gún un, ó wọlé bí ìgbà téèyàn gún búrẹ́dì. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán.

“Wẹ́dà nìkan ló lè ṣe ìyẹn,” bàbá mi wí. “Kọ ọ́ sílẹ̀. Apá òsì, ó kù.”

Wẹ́dà kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, Bọ̀dá Ọ̀la-ni la sì ń pè wọ́n. Ohun yòówù kó o gbé lọ bá wọn, “Ọ̀la ni mò ń bọ̀” ni wọ́n máa sọ. Mo lọ ní ọjọ́ Ajé, ọ̀la ni. Mo lọ ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀la náà ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, ọ̀la ò dé.

Ojú bàbá mi kò sì dúró de ọ̀la. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń da tíì, ife wà lápá ọ̀tún, tíì ń dà sórí tábìlì. Ìyá mi rọra gbé ife náà sábẹ́ tíì. “O ṣeun,” bàbá mi wí. Ẹ̀rù ló bà mí, kí n má purọ́. Mo rí i pé tí n bá ń dúró de wẹ́dà, bàbá mi ò ní rí àwọ̀ pupa ẹyin yẹn láé.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo lọ ra pọ́tí, nǹkan rírọ̀ tí àwọn akunkọ̀ fi ń dí ojú ibi tó bá tẹ̀, tó máa ń le tó bá gbẹ. Mo rún ìwé ìròyìn àtijọ́, mo kì í sínú ihò náà, mo fi pọ́tí bò ó, mo fi yánpépà ra á títí tó fi dán, mo sì kùn ún ní dúdú. Ó wá wuyì ju apá ọ̀tún tí irin rẹ̀ pé lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé wa, mo kọ ọ́ pé: “Apá òsì: wẹ́dà ti jó o.”

Mo kà á fún bàbá mi nírọ̀lẹ́.

“Ọ̀la-ni wá?” Ẹnu yà wọ́n.

“Wọ́n wá, bàbá mi.”

Wọ́n fi ọwọ́ ra irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dúró díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá gbé aago sétí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ojú tìẹ bá ti rí i, èmi náà ti rí i.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo sọ fún ara mi pé tí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ náà lójú títì tán, màá wá wẹ́dà lọ, a máa tún un ṣe, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

A kun ọkọ̀ náà. Nínú gáréèjì tó ṣókùnkùn, bàbá mi ò lè rí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, inú oòrùn nìkan ni ojú wọn ṣì lè ríran díẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, táyà kan ló kù ká fi sí i, ti iwájú lápá òsì. Bàbá mi ní àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn fi í sí i. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n gbé táyà náà sáàárín ẹsẹ̀.

Mo ki jáàkì sábẹ́ irin òsì. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo wo bí ojú bàbá mi ṣe ń dán bíi tọmọdé, mo sì gbé e mì. Ọkọ̀ gbéra díẹ̀díẹ̀. Mo yọ pákó tá a ti fi gbé e ró kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi na ọwọ́, wọ́n gbé táyà sí àyè rẹ̀.

Ìró tó jáde ò ju ti páálí tó fà ya lọ. Jáàkì wọnú pọ́tí lọ, ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀, táyà náà sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi mọ́lẹ̀. Wọn ò pariwo. “Gbé e, Ìyá Sípánà,” ni wọ́n ń wí, “gbé e.” Ìyá mi sáré dé, èmi àtàwọn fi igi gbé ọkọ̀ náà títí ọwọ́ fi jáde. Ìwé ìròyìn rírún já bọ́ sílẹ̀ láti inú ihò náà. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì he é, wọ́n fún un, ó dún.

Ìka méjì ṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n dì wọ́n, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ méje kí wọ́n tó tú u. Ìka yẹn ni ojú tó kù fún bàbá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n mú ìwé wa wá.

“Ka ti apá òsì fún mi.”

Omijé ò jẹ́ kí n rí lẹ́tà dáadáa. “Apá òsì: wẹ́dà ti jó o.”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni.”

“Ta ló kà á fún mi?”

“Èmi ni, bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè rí i ni.”

Wọ́n gbé ọwọ́ tí wọ́n dì lé orí ìwé náà. “Lọ́jọ́ tí mo kan irin yẹn, etí mi sọ fún mi pé kì í ṣe irin. Mo ní kí etí mi dákẹ́, nítorí ọmọ mi ti rí i.” “Ìka máa san. Ẹni tí màá gbà gbọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán, òun ni mi ò mọ̀ báyìí.”

Mo sá lọ bá ìyá mi nílé ìdáná. Mo rò pé wọ́n máa rẹ̀ mí lẹ́kún. “Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a,” ni wọ́n wí. “Tìẹ ò tiẹ̀ lo ogún ọjọ́. Nu ojú rẹ, kó o lọ tún un ṣe. Ẹkún kì í jó irin.”

Mo lọ bá Bọ̀dá Ọ̀la-ni, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n yọ ìbọ̀wọ́. “Ọ̀la mi náà wà nínú ẹ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n gbé àpò irinṣẹ́, wọ́n tẹ̀ lé mi lójú ẹsẹ̀. Àwọn aládùúgbò dúró máa wò wá, nítorí Bọ̀dá Ọ̀la-ni tí wọn kì í sọ ju ọ̀la lọ ló wá jáde lónìí yìí.

Iṣẹ́ náà ò kéré. Nígbà tá a ha pọ́tí kúrò, a rí i pé ìpẹtà ti dé abẹ́ ìjókòó, a ní láti gé ibẹ̀ náà. Ọ̀dà apá òsì jóná. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń ka ìwé wa fún bàbá mi bó ṣe rí gẹ́lẹ́: ó kù, ó kù, a bà á jẹ́ lónìí, ó ṣì kù.

Ní ọ̀sẹ̀ tí dókítà tú ọwọ́ bàbá mi, bàbá mi jáde sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbójú sókè. “Ṣé òjò ló ṣú ni?” ni wọ́n bi wá. Oòrùn ń ràn yẹ̀yẹ̀. Ìyá mi di ọwọ́ wọn mú. Èmi lọ jókòó nínú gáréèjì, mo sunkún. Àkókò ni mo fẹ́ jí fún bàbá mi, àkókò wọn ni mo sì fi ìkánjú mi run.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ náà jáde. Ìyá mi ló wà á, bàbá mi jókòó tì wọ́n, òrùlé ká sẹ́yìn. Wọ́n yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mejì, ìyá mi sì padà pẹ̀lú irun wọn tó dà rú. “Ìyáálé ṣì lágbára jù mí lọ,” ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀.

“Ìyá Sípánà, wá jókòó,” bàbá mi wí. Mo jókòó síbi sítíárìn. “Ó yá, sọ bó ṣe rí fún mi.”

“Ó rẹwà, bàbá mi. Ó ń dán...”

“Gbogbo èèyàn ló máa sọ ìyẹn. Ibi tí kò dáa ni kó o sọ.”

Mo yọrí síta, mo wò ó. “Apá òsì pọ́n ju apá ọ̀tún lọ díẹ̀, nítorí ọ̀dà tá a pò lẹ́ẹ̀kejì ò jọ ti àkọ́kọ́. Ọ̀dà ṣàn lára ilẹ̀kùn, ó gbẹ síbẹ̀. Iná iwájú kan ń wo ọ̀run, èkejì ń wo ilẹ̀. Ibi tí wẹ́dà jó wú bí ojú àpá. Bọ̀dá Ọ̀la-ni ní ká fi pọ́tí díẹ̀ tẹ́ ẹ, mo ní rárá.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì. Wọ́n fi àwọn ìka tó ṣẹ́ yẹn ra etí ilẹ̀kùn, wọ́n kan irin abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dún gbọnranrin.

“Mo ti rí i,” ni wọ́n wí. “Mo ti rí gbogbo ẹ̀.”

Ní ọ̀sán yẹn, mo gbé ìjókòó sókè, mo fi ìṣó ha ọ̀rọ̀ wa sára irin. Ìlà tó kẹ́yìn ni mo ha jinlẹ̀ jù: “Apá òsì: mo fi pọ́tí dí i, mo sì parọ́. Ọkọ̀ já bọ́. Wẹ́dà jó o. Irin ni báyìí.” Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi gbọ́: ẹni tó fi ojú rẹ ríran, má ṣe dí i lójú, ì báà jẹ́ pé ìfẹ́ ló sún ọ dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tó bá kù, ó sàn ká ní ó kù.

Èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún bàbá mi títí dòní. Wọn kì í ní kí n tún un kà.