Àwọn Tó Sún Mọ́ Ọn

Ẹ̀rín ni obìnrin aránṣọ kan ń rín sí ọ̀rọ̀ kan tí àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin olùkọ́ kan kọ́kọ́ rí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lórí ìka rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wo ọwọ́ yín."

Ó wò ó bí ẹni ń wo nǹkan oníǹkan. Awọ ìka náà ti bó.

"Kò dùn mí. Ṣòkòtò yín ni kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ wò, kó má lọ jẹ́ pé ó ti jó."

Kí oṣù méjì tó pé, kò sí ẹ̀wù kan nílé olùkọ́ tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ já bọ́tìnì rẹ̀, kó ṣáà lè rídìí padà wá. Aránṣọ fura.

"Olùkọ́ mi, ẹ̀wù ò ní ṣẹ́ kù tó bá yá. Ẹ kúkú sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

Ó sọ ọ́. Aránṣọ gbà láti fẹ́ ẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló lọ sọ́sípítù nítorí ìka tí kò jinná. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Oògùn wà tí yóò wò ó sàn, ṣùgbọ́n ìka tó ti kú lè má jí mọ́. Ìyá àti àbúrò rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ó ránṣẹ́ sí olùkọ́ pé kó má wá mọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Olùkọ́ wá títí, ilẹ̀kùn ò ṣí. Àbúrò ló jẹ́wọ́ fún un níkẹyìn, tomijé tomijé.

Olùkọ́ délé, ó rò ó fún ìyá rẹ̀, ó ní òun ṣì máa fẹ́ ẹ. Ìyá ò pariwo.

"Mi ò ní bá ẹ jà, ọmọ mi. Àmọ́ má retí mi níbi ìgbéyàwó yẹn."

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì àgbà pe àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn jọ. Ọsípítù fẹ́ ṣètò ìwádìí: bí wọ́n bá tètè fún àwọn tó sún mọ́ aláìsàn lóògùn, ṣé àrùn náà ò ní mú wọn? Irú ìtọ́jú wo ló sì kù díẹ̀ káàtó? Àbúrò ta olùkọ́ lólobó.

"Ẹ̀yin lẹ ó sọ ohun tó yẹ ká wádìí," ni nọ́ọ̀sì wí.

Aránṣọ nawọ́. "Ẹ bá wa wádìí bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn. Èmi ò mọ̀ ọ́n sọ. Ilẹ̀kùn ni mo tì mọ́ ọn."

"Ọgbọ̀n ọdún rè é," ni bàbá arúgbó kan wí, "èmi náà ò tíì sọ ọ́ fún tèmi."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè àwọn tó sún mọ́ aránṣọ.

"Ìyá mi. Àbúrò mi."

"Ó ku ẹnì kan," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Aránṣọ ò wẹ̀yìn. Ó mọ ohùn náà.

"Kí lẹ jẹ́ sí i?" ni nọ́ọ̀sì bi olùkọ́.

"Ọkọ rẹ̀ ni mí, bó bá ṣì fẹ́."

Aránṣọ fọwọ́ bojú, ó sunkún títí. "Ẹ kọ ọ́," ló sọ fún nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí oògùn parí, wọ́n ṣègbéyàwó. Àbúrò ló rán aṣọ ìyàwó, nítorí ẹ̀gbọ́n ò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn ń túká, ojú ọkọ ṣì wà lára àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú, tó ṣì ṣófo.

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i," ni ìyàwó wí. "Bóyá wọ́n ti wà lọ́nà."

Ó mọ̀ pé wọn ò sí lọ́nà. Ọkọ náà mọ̀. Wọ́n jókòó ti àga náà, wọ́n dúró.