Géèjì Ọkọ̀ Bàbá Akunlé

Ẹsẹ̀ méjì ni obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n yọ gbọọrọ jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún pupa, tòsì dúdú. Orí ẹni tó ni wọ́n wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tó ti ń fi imú kọrin fún wáyà.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹlẹ́sẹ̀."

Orí gbá irin gbì. Ọkùnrin náà yọ jáde tòun ti tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó ń fọwọ́ ra orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Rìwáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Sùúrù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kì í yá a lẹ́nu láti sọ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Aránṣọ tọ́ka sí ọkọ̀ àtijọ́ tó gbé wá. Bàbá rẹ̀, akunlé tó ti dolóògbé, ló fi í sílẹ̀.

"Ó ń gbóná. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti ní ẹ́ńjìnnì ti lọ. Ìyá mi ní tó bá fi di Ọjọ́bọ̀ tí kò sàn, òun á gbé e fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ní wẹ́wẹ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Inú rẹ̀ nìkan ni òórùn bàbá mi kù sí."

Sùúrù fọwọ́ kan rédíétọ̀. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

"Ta ló ní ó ń gbóná?"

"Géèjì ni."

"Géèjì nìkan? Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi dá a lẹ́jọ́ ikú?"

Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ géèjì ooru sáré gun òkè. Ti epo náà ní táńkì kún.

"Ẹ ra epo lónìí ni?"

"Epo kẹ̀? Àdúrà ló gbé mi débí."

Sùúrù tan iná iwájú. Ọwọ́ méjèèjì tún fò sókè sí i. Ó pa á, wọ́n wálẹ̀ díẹ̀. Ó tún tàn án, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. "Ọ̀kan ń wo omi, ọ̀kan ń wo epo. Kí ló pa wọ́n pọ̀ tí wọ́n fi jọ ń sọ àsọdùn?"

"Bí apá ẹ̀wù méjèèjì bá gùn jù," ni aránṣọ wí, "èmi kì í fọwọ́ kan apá. Èjìká ni mo máa ń wò."

Ọkùnrin náà yí padà, ó wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ibo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?"

"Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá èjìká náà. Aránṣọ á di tọ́ọ̀ṣì mú, Sùúrù á máa tọ wáyà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, "ẹ" ti di "o" lẹ́nu àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é.

"Gbé iná sókè, aránṣọ mi."

"Ta ni aránṣọ rẹ? Mi ò tíì rán bọ́tìnnì kan fún ọ."

Ní Ọjọ́rú, wọ́n rí i. Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tí wọ́n ti de wáyà áàtì mọ́ ara irin kí iná lè rí ọ̀nà padà, ọ̀dà búlúù ló wà níbẹ̀, ó nípọn bí awọ. Wáyà wà lórí ọ̀dà, kò fara kan irin rárá.

Aránṣọ mọ ọ̀dà náà. Òun ló wà lára ògiri yàrá ìgbàlejò wọn, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló kùn ún.

Sùúrù fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ títí irin fi dán, ó de wáyà padà. Ọwọ́ géèjì ooru dúró sí àárín. Ti epo wálẹ̀ jẹ́ẹ́ títí dé ìdí.

"Sọ fún ìyá mi pé wáyà ló já," ni aránṣọ bẹ̀ ẹ́. "Kò sí ẹni tó tún iṣẹ́ bàbá mi ṣe rí. Ohun tí màmá fi ń yangàn nìyẹn."

"Bí mo bá fi irọ́ kí i lónìí, kí ni mo máa fi kí i lọ́jọ́ tí mo bá wá tọrọ rẹ?"

Aránṣọ sáré gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kó tó yíjú padà, Sùúrù ti ń lọ sílé wọn.

Ìyá gbọ́ pé ọ̀dà ọkọ òun ló fa gbogbo rẹ̀, ó dìde fùú. "Ọkọ mi? Ọkọ tèmi? Jáde nílé mi!"

Sùúrù tẹríba, ó jáde. Aránṣọ wò ó lọ láti ojú fèrèsé. Ó ti gba ọkọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá a gbà á ló ń lọ yẹn.

Fún ọjọ́ méjì, ìyá ń dá jẹun ní yàrá. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, aránṣọ bá ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń fi ìka pa ọ̀dà tó kù níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì. Aránṣọ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Bàbá rẹ yìí! Ó kun abẹ́ ibùsùn wa. Ó kun inú àpótí aṣọ mi. Mo ní ta ni yóò rí i? Ó ní ohun tí òun bá fẹ́ràn, òun ò ní jẹ́ kó dípẹtà." Ó nu ojú. "Wa ọkọ̀ yìí, ká lọ."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Sùúrù, ìyá kò sọ̀kalẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Sùúrù, ọkọ̀ ti sàn. Kí lo tún ń wá lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, mà."

Ìyá wò ó títí, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn lọ sílé. Kò wẹ̀yìn.

Sùúrù bọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa," ni aránṣọ wí, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Mo gbà," ni obìnrin náà dáhùn.